Tó Bá Tutù Ńkọ́? Ìfiwéra aṣọ fún ẹni tó fẹ́ jáde nínú òjò àti òtútù

Aṣọ tí omi rin gbingbin, a máa ń ní ó tutù. Ọwọ́ ẹni tí ọ̀gìnnìtìn mú, ó tutù. Ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀ tutù, atẹ́gùn ìdájí náà tutù. Èdè wa ò ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára òtútù, ara ènìyàn náà ò sì yà á. Omi máa ń fa ooru kúrò lára wa ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tí kò mì ṣe ń fà á lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi lè jókòó nínú yàrá tó wà ní 15°C, ká kàn máa wá súwẹ́tà kiri, ṣùgbọ́n tí a bá bọ́ sínú odò tó wà ní 15°C kan náà, kò ní pẹ́ tí eyín á fi máa lu eyín.

Nǹkan bí 37°C ni ara fi ń ṣiṣẹ́. Tí inú ara bá ti wálẹ̀ kọjá 35°C, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Kò sì dìgbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Òjò winniwinni, atẹ́gùn, àárẹ̀, àti ojú ọjọ́ tó wà ní 8°C, wọ́n tó ó ṣe. Ara á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ìka ò ní lè de bọ́tìnì mọ́, ẹsẹ̀ á máa kọ, ahọ́n á wúwo, onítọ̀hún á sì máa bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ tí gbígbọ̀n náà dá lójijì láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti móoru, ẹ má yọ̀ o, ó ti burú sí i nìyẹn. Ẹ wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì òjò olówó gọbọi, mo sì gbà pé mo ti parí iṣẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì òwú alápá kúkúrú kan sí, mo tún fi súwẹ́tà òwú tó nípọn lé e. Wákàtí méjì tí a fi ń gun òkè, ṣe ni mo ń ṣe bí ọba, òjò ń rọ̀, kò kàn mí. A dé orí òkè, a jókòó, atẹ́gùn fẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Mo fẹ́ ṣí síìpù àpò mi, ìka mi kọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó kó wa lọ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn mi lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó fún ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, omi ń kán tó, tó, tó. Ó ní, "Àbúrò, òjò kọ́ ló pa ọ́ o. Òógùn rẹ ni." Ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo ò wọ inú jákẹ́ẹ̀tì yẹn o.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn aṣọ wò: tó bá tutù ńkọ́? Lórí ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo aṣọ ló gbẹ, gbogbo wọn ló ń móoru. Ìgbà tí omi bá dé, bóyá láti òkè ni o, bóyá láti inú ara ẹni ni o, ìgbà náà ni wọ́n ń yàtọ̀ síra.

Ẹ máa rìn ni, àbí ẹ máa dúró?

Ẹ dáhùn èyí kí ẹ tó wo aṣọ kankan, torí ohun tó bá ẹni tó ń sáré mu lè pa ẹni tó ń pẹja lára. Ẹni tó ń sáré, tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń gbé ẹrù gun òkè ń dáná nínú ara rẹ̀ ni. Ìṣòro tirẹ̀ ni bí òógùn yóò ṣe ráyè jáde. Ẹni tó jókòó sétí odò pẹ̀lú ìwọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹyẹ láti ya fọ́tò rẹ̀, òbí tó dúró létí pápá tó ń wo eré bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ, àwọn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ làágùn. Ohun tí wọ́n nílò ni aṣọ tó nípọn tí ooru ò ní ráyè sá kúrò nínú rẹ̀, àti ìbòrí tí omi ò lè là kọjá.

Èyí tó ṣòro jù ni ẹni tó ń ṣe méjèèjì: tó rìn fún wákàtí kan, tó jókòó fún ìdajì wákàtí, tó tún dìde. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìpele aṣọ wà fún. Aṣọ tín-ín-rín mẹ́ta tí a lè máa bọ́ tí a lè máa wọ̀ sàn ju kóòtù kan ṣoṣo tó rí gbàǹgbà lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun rárá. Nígbà tí wọ́n rí òkú George Mallory, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń gun òkè, lórí òkè Everest ní 1999, ọdún 75 lẹ́yìn tó ti kú síbẹ̀ ní 1924, ìpele lórí ìpele ni aṣọ ara rẹ̀: sílíkì àti òwú lábẹ́, irun àgùntàn láàárín, gabardine tó ń dènà atẹ́gùn lókè. Àwọn ohun tí a fi ń ṣe ìpele wọ̀nyí ló ti yí padà, ètò rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kan ara: òwú, irun àgùntàn, poliẹ́sítà

Ibí ni mo ti máa pẹ́ jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á náwó lórí jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fa ṣẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó bá wà nínú àpótí wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Òwú fẹ́ràn omi. Fọ́nrán rẹ̀ á mu ún yó, aṣọ náà á lẹ̀ mọ́ awọ ara, gbogbo àlàfo kéékèèké tí afẹ́fẹ́ há sí á sì dí. Afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ yẹn gan-an ló ń mú ara móoru o, kì í ṣe aṣọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí omi bá ti gba ipò rẹ̀, òwú di ohun tí ń fa ooru jáde. Ó tún ń pẹ́ kó tó gbẹ. Nínú oòrùn, ìwà yìí dára, ó ń tu ni lára. Nínú òjò àti òtútù, kò yẹ lára ẹni rárá, àti ṣẹ́ẹ̀tì, àti súwẹ́tà alásopọ̀ fìlà, àti pàápàá ṣòkòtò jíǹsì, tó máa ń wúwo bí òkúta tí omi bá ti wọ̀ ọ́.

Irun àgùntàn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Òde fọ́nrán rẹ̀ kì í fẹ́ omi, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń fa oru òógùn mọ́ra. Ó lè gba oru tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Bó sì ṣe ń fa oru náà, ó ń tú ooru díẹ̀ jáde. Kò tó ohun tí à ń pariwo, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Àgùntàn tí wọ́n ń pè ní merino ni kí ẹ wá, torí irun rẹ̀ tín-ín-rín, kì í yún ara bíi súwẹ́tà tí wọ́n fi ń fìyà jẹ wá nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ ó rí nọ́ńbà lára rẹ̀, bíi 150, 200 tàbí 250: ìwọ̀n gíráàmù tí ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó aṣọ náà jẹ́ nìyẹn. 150 tó fún ẹni tó ń ṣe wàhálà, 250 wà fún ẹni tó jókòó.

Àléébù rẹ̀? Ó ń tètè lu. Okùn àpò ẹ̀yìn á máa ha á léjìká títí ihò á fi yọ. Kòkòrò a máa jẹ ẹ́ nínú àpótí. Owó rẹ̀ sì máa ń wúwo.

Poliẹ́sítà, tó jẹ́ fọ́nrán àtọwọ́dá, kì í mu omi, ìdá tí kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ ń fà nínú afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́, níbi tí òwú ti ń fa nǹkan bí 8, tí irun àgùntàn ń fa nǹkan bí 16. Omi tó bá wà lára rẹ̀, àárín fọ́nrán ló dúró sí, kò wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá fún un, tí ẹ sì gbọ̀n ọ́n nù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó lágbára, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Ọjọ́ kan péré lára ẹni tó ń làágùn, kò ní ṣe é jókòó tì. Merino ẹ̀wẹ̀, a lè wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó wò wá lójú.

| | Òwú | Merino | Poliẹ́sítà |
|---|---|---|---|
| Tó bá tutù | Ó lẹ̀ mọ́ra, ó ń fa ooru lọ | Ó ṣì ń móoru díẹ̀ | Ó tutù fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún gbẹ |
| Gbígbẹ | Ó pẹ́ jù | Ó pẹ́ díẹ̀ | Kíá |
| Òórùn | Níwọ̀nba | Kò fi bẹ́ẹ̀ rùn | Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lónìí |
| Ó yẹ | Ilé, ibùsùn | Ìrìn ọjọ́ púpọ̀, ẹni tó ń rìn tó ń dúró | Eré sísá, kẹ̀kẹ́, ìrìn ọjọ́ kan |

Tèmi? Ìrìn ọjọ́ kan, poliẹ́sítà. Tí mo bá máa sùn síta, merino. Àwọn aṣọ kan wà tí wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n dára, ṣùgbọ́n ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀: tí òwú bá pọ̀ nínú rẹ̀, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀, òwú náà ni.

Ìkẹrin kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi wọ̀ ọ́: síńgílẹ́ẹ̀tì alápẹ̀ẹ̀rẹ̀ àwọ̀n. Ọ̀gá ológun kan ní Norway, Henrik Brun, ló ṣe é jáde ní 1933 láti ara àwọ̀n ìpẹja. Ihò ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ń há afẹ́fẹ́ mọ́ra nígbà tí a bá wọ aṣọ mìíràn lé e, wọn ò sì jẹ́ kí aṣọ tó tutù lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ó rẹwà bí àwọ̀n tí ẹja bọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń há ooru: fleece, ìyẹ́, àti òwú àtọwọ́dá

Fleece ni èyí tó rọrùn jù láti yàn. Ilé iṣẹ́ Malden Mills ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1979, poliẹ́sítà tí wọ́n ha títí ó fi rí múlọ́múlọ́ ni. Ó rí omi, kò bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, ẹ fì í lẹ́ẹ̀mẹta sínú afẹ́fẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ padà, ara á tún gbà á. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ojú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ àléébù náà ló tún di àǹfààní fún ẹni tó ń rìn, torí ọ̀nà tí atẹ́gùn gbà wọlé, òógùn lè gba ibẹ̀ jáde.

Ìyẹ́ múlọ́múlọ́ abẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń kó sínú jákẹ́ẹ̀tì tó máa ń wú fùkẹ̀fùkẹ̀ yẹn. Tí a bá fi ìwọ̀n ṣe é, kò sí ohun tó fúyẹ́ tó o tó sì móoru tó o. Nọ́ńbà ara rẹ̀, bíi 600 tàbí 800, ń sọ bí ìwọ̀n ìyẹ́ kan náà ṣe lè wú tó, bó bá ṣe pọ̀ tó ni jákẹ́ẹ̀tì ṣe máa fúyẹ́ tó fún ooru kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè wa: tó bá tutù ńkọ́? Ẹ ti rí adìẹ tí òjò pa rí? Bí ìyẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń rí nìyẹn. Á dì mọ́ra sí ìsàlẹ̀ àpò kọ̀ọ̀kan, ibi tó wú tẹ́lẹ̀ á di aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì lásán. Kò sì ní gbẹ níta. Àwọn kan ń fi kẹ́míkà tí ń lé omi ra ìyẹ́ náà, ó ń ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pẹ́pẹ́yẹ di ẹja.

Òwú àtọwọ́dá ni ìdáhùn sí èyí. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló fẹ́ ohun tó lè rọ́pò ìyẹ́ nígbà tí omi bá dé, ibẹ̀ ni PrimaLoft ti wá ní àwọn ọdún 1980. Poliẹ́sítà tín-ín-rín tí wọ́n hun bí òwú ni. Ó wúwo ju ìyẹ́ lọ díẹ̀, kò sì rọrùn láti ká sínú àpò kékeré. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, tí a ń rún un mọ́ àpò, á máa tẹ́ pẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n tí omi bá rin ín, ó ṣì ń wú, ó ṣì ń há ooru.

Nítorí náà, níbi tó tutù tó sì gbẹ, níbi tí òjò ti di yìnyín líle, ìyẹ́ ni ọba. Níbi tí ojú ọjọ́ ti ń ṣe 2°C lónìí, tó di 7°C lọ́la, tí òjò ò dá, mi ò ní mú ìyẹ́ dání àfi nínú ọ̀rá tí mo ti dì pa, fún àgọ́ ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á nítorí pé ó wú, ó sì dára lójú. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ò mọ ẹni tó wọṣọ dáadáa.

Ti òde: èyí tí yóò bá òjò jà

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ọ̀nà mẹ́rin la lè gbà bá a wí.

Èkíní ni ràbà tàbí ọ̀rá tó dí pátápátá. Charles Macintosh ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1823 ní ilẹ̀ Scotland, ó ki ràbà sáàárín aṣọ méjì. Omi ò lè wọlé, láéláé. Òógùn náà ò sì lè jáde, láéláé. Ẹni tó ń rìn kánkán nínú rẹ̀ á bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹni jáde nínú odò. Ṣùgbọ́n ẹ má bú u. Fún apẹja tó jókòó, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, fún ẹni tí òjò máa pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò sì ní rìn púpọ̀, kò sí èyí tó tó o. Kò wọ́n, kò ní kẹ́míkà tó máa ń ṣí, ẹ lè fi kànìnkànìn nù ún.

Èkejì ni aṣọ tó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú. Ní 1969, Bob Gore fa ohun kan tí wọ́n ń pè ní PTFE lójijì, ó nà bí ìgómù, ihò kéékèèké tí ojú ò lè rí sì kún inú rẹ̀. Nígbà tó fi di 1976, Gore-Tex ti wà lọ́jà. Ihò náà kéré jù fún ẹ̀kán omi, ó sì tóbi tó fún oru òógùn. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ṣe tiwọn láti ìgbà náà.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ ó rí lára rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, bíi 10,000 mm tàbí 20,000 mm, ń sọ bí òpó omi tí wọ́n gbé lé aṣọ náà ṣe lè ga tó kó tó já: 10,000 mm jẹ́ òpó omi mítà mẹ́wàá. Òjò lásán ò nílò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n okùn àpò tó ń tẹ èjìká, àti orúnkún tí a fi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ń ti omi wọlé ju òjò lọ. 10,000 tó fún ọ̀pọ̀ wa. Nọ́ńbà kejì ń sọ iye gíráàmù oru tó lè gba ara ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó aṣọ náà jáde ní wákàtí 24. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó, àmọ́ ẹ má gbára lé e jù, ọ̀nà ìdánwò wọn ò bára mu, oru náà kì í sì í jáde dáadáa àfi tí inú bá móoru tó sì lọ́rinrin ju ìta lọ. Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ tí ojú ọjọ́ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí awọ kankan tó lè gbé òógùn ẹni tó ń sáré jáde. Síìpù lábẹ́ abíyá ló ń gba ni nígbà náà. Tí mo bá ní láti yàn láàárín nọ́ńbà ńlá àti síìpù abíyá, síìpù ni mo máa mú.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, wọ́n á ní jákẹ́ẹ̀tì àwọn ti ń jò. Nígbà mìíràn kò jò. Wọ́n máa ń fi kẹ́míkà kan ra ojú òde rẹ̀ tí omi fi ń yí kúrò lórí rẹ̀ bí ìgbà tó bá kán sórí ewé kókò. Tí ìdọ̀tí àti òróró ara bá bo kẹ́míkà yìí, ojú aṣọ á mu omi, á ṣú dúdú, á wúwo, oru inú ò ní ríbi gbà mọ́, á di omi sí ara ẹni. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ má da ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kí ẹ wá fi ooru kékeré gbẹ ẹ́ bí lébẹ́ẹ̀lì bá gbà bẹ́ẹ̀. Ooru yẹn máa ń jí kẹ́míkà náà. Tí kò bá jí, ẹ ra èyí tí a ń fi kún un. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń pa kẹ́míkà àtijọ́, PFAS, tì, torí kì í tètè jẹrà láyìíká wa, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè àtúnṣe léraléra. Ẹ má sì ká jákẹ́ẹ̀tì tútù sínú àpò kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀kan tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nínú bí awọ tí oòrùn jó, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á.

Ẹ̀kẹta ni softshell: kò dènà òjò líle, ṣùgbọ́n ó ń lé òjò winniwinni àti atẹ́gùn, ó ń nà, ó sì ń jẹ́ kí oru jáde dáadáa. Fún ẹni tó ń rìn kánkán lábẹ́ òjò tí kò le, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju èkejì lọ, tí jákẹ́ẹ̀tì òjò fúyẹ́ kan bá ti wà nínú àpò. Ẹ̀kẹrin ni poncho, aṣọ òjò gbàgẹ̀rẹ̀ tó bo ènìyàn àti àpò ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ fàlàlà. Ọ̀tá rẹ̀ ni atẹ́gùn: á gbé e sókè bí àsíá, á sì fi bo ojú ẹni.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn kì í ṣe kékeré. 5°C pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń sáré ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, bíi -1°C ló ń ṣe sí ojú àti ọwọ́ tó gbẹ. Tí awọ ara bá tutù, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ń gbìyànjú jákẹ́ẹ̀tì wò, ẹ wọ̀ ọ́ sórí aṣọ tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní ti gidi. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ wò ó bóyá ìdí rẹ̀ ò gòkè dé ìdodo. Ẹ fa ìbòrí rẹ̀ bo orí, ẹ yíjú sọ́tùn-ún, sósì: ṣé ìbòrí bá yín yíjú ni, àbí inú aṣọ ni ẹ̀ ń wò? Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ wò bóyá wọ́n lẹ téèpù mọ́ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún tí kò sí téèpù, omi máa gba ibẹ̀.

Ẹsẹ̀, ọwọ́, orí

Ṣòkòtò: aṣọ náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín tó ń tètè gbẹ, tí a lè wọ ṣòkòtò òjò lé. Ó tán.

Ìbọ̀sẹ̀: irun àgùntàn, kò sí àríyànjiyàn, àti ẹyọ kan tó gbẹ nínú àpò. Ẹ má wọ méjì tí bàtà bá ti fún mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru dé ìka ẹsẹ̀, bàtà tó fún máa dí i lọ́nà.

Bàtà ló gba àrò. Èyí tó ní awọ adènà-omi dára nínú ìrì, nínú ẹrẹ̀ àti lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n tí omi bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, garawa lẹ gbé wọ̀ yẹn, kò ní jáde, kò sì ní gbẹ títí dọ̀la. Bàtà fífúyẹ́ tí kò dènà omi á rin ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, á sì máa tú u dànù bí ẹ ṣe ń rìn. Níbi tí a ó ti máa la odò kéékèèké kọjá, tí òtútù ò sì pọ̀ jù, èyí tó fúyẹ́ ni mo fara mọ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn tó nípọn. Fún ẹni tó máa dúró lójú kan, bàtà ràbà tó ga dé orúnkún ló dára jù. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má sùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù: àwọn ọmọ ogun inú kòtò ní Ogun Àgbáyé Kìíní fi ẹsẹ̀ wọn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, awọ ẹsẹ̀ tó bá pẹ́ nínú omi tútù máa ń jẹrà.

Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin ń jọ gbé yàrá kan móoru ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan dá yàrá tirẹ̀ gbé lọ. Àmọ́ ẹ ò ní lè de okùn pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ fleece tín-ín-rín, kí n fi ti yàrá kan lé e nígbà tí a bá dúró.

Fìlà: ẹ ti gbọ́ pé ìdajì ooru ara ń gba orí jáde? Irọ́ ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni orí jẹ́ nínú awọ ara, iye ooru tó ń gba ibẹ̀ lọ ò fi bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣì wọ̀ ọ́ o, torí kò sí aṣọ tó rọrùn láti bọ́ àti láti wọ̀ bíi tirẹ̀.

Bí mo ṣe ń dì í pọ̀

Ẹni tó ń sáré tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́: poliẹ́sítà tín-ín-rín kan, jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ tó ní síìpù abíyá tàbí softshell. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ara yín bá ti móoru kí ẹ tó gbéra, aṣọ yín ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í jẹ́ ká gbéra láìjẹ́ pé a ń gbọ̀n díẹ̀. Á máa wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Àbúrò, bọ́ súwẹ́tà yẹn," a ó máa kùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà a ó dákẹ́.

Ẹni tó ń rìn lórí òkè: merino tàbí poliẹ́sítà lábẹ́, fleece láàárín, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ lókè, àti jákẹ́ẹ̀tì òwú àtọwọ́dá nínú àpò, tí a kì í fọwọ́ kàn àfi tí a bá dúró. Tí a bá dúró, orí gbogbo aṣọ yòókù ni ká wọ̀ ọ́ lé kíá, kí ooru tí a kó jọ tó sá lọ.

Ẹni tó jókòó: merino tó nípọn, fleece, òwú àtọwọ́dá, aṣọ òjò ràbà tó balẹ̀ dé orúnkún. Kó sì fi nǹkan sábẹ́ ìdí, torí ilẹ̀ tútù ń mu ooru láti ìsàlẹ̀.

Tí ẹ ò bá tíì lè ra ohunkóhun, ẹ lọ kó aṣọ tí ẹ ti ní nílé jáde, ẹ rẹ apá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ wá wọ̀ ọ́ jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Èyí tí ọwọ́ yín bá ń sá kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Èyí tí ẹ gbàgbé pé ó tutù, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ ká a sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa, kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ àpò gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ máa pààrọ̀ sí nígbà tí ẹ bá dé orí òkè.